Sípóòkù 36: Ìtàn iṣẹ́ àwọn tó ń to ẹsẹ̀ alùpùpù ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ní ọdún 1981 ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. Tí wọ́n bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa pé ìgbà wo ni ìmọ̀ ẹ̀rọ dé ìlú náà, ọdún yẹn ni a ó dárúkọ. Ìdáhùn náà kò tọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni tó gba oyè kankan nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀, àwọn kan ti wà lábẹ́ igi àti lábẹ́ páànù, ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, tí wọ́n ń kó wáyà irin jọ, tí wọ́n ń fi wọ́n so irin róbótó kan mọ́ irin mìíràn láàárín, tí ohun tí wọ́n so náà sì ń gbé bàbá, ìyá, ọmọ àti àpò kòkó lọ sí oko, tó sì ń gbé wọn padà wálé. Wọn kò pe ara wọn ní ẹnjiníà. "Ọ̀gá" ni àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ń pè wọ́n. Ìtàn iṣẹ́ wọn ni a fẹ́ sọ, nítorí pé iṣẹ́ náà ti ń dínkù, àwọn tó mọ̀ ọ́n dójú àmì sì ti ń dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pe nǹkan lórúkọ rẹ̀. Àárín ẹsẹ̀ alùpùpù, níbi tí ákísù gbà kọjá tí bíréèkì sì fara pamọ́ sí, ni họ́ọ̀bù. Irin róbótó tó wà ní ìta, tí táyà jókòó lé, ni ríìmù. Wáyà tín-ín-rín tó so méjèèjì pọ̀ ni sípóòkù. Orí kan sípóòkù tẹ̀ bí ìkọ́, òun ló há sínú ihò họ́ọ̀bù. Orí kejì ní ìlà yíyípo bíi ti bóòtù, nọ́ọ̀tì kékeré kan tó ti inú ríìmù yọ orí jáde ni a sì fi ń dè é. Ọ̀pọ̀ alùpùpù tí a mọ̀ ló ní sípóòkù 36 lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: 18 ní apá òsì, 18 ní apá ọ̀tún. Ẹni tó bá tú 36 yìí sílẹ̀, tó tún wọn tò padà, tó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà máa yí láìmì, iṣẹ́ rẹ̀ la ń sọ yìí.

Ibi tí ọgbọ́n náà ti wá

Ẹsẹ̀ tí a fi igi ṣe ti wà láyé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Nínú ẹsẹ̀ onígi, ẹrù máa ń tẹ àárín mọ́lẹ̀, àárín á tẹ igi tó wà nísàlẹ̀, igi náà á sì dúró bí òpó ilé. Wáyà kò lè ṣe iṣẹ́ òpó. Tí a bá tì í, yóò tẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wáyà mọ̀ ọ́n ṣe ni kí a fà á. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi wáyà ṣe ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ yí èrò rẹ̀ padà pátápátá: kó fa gbogbo wáyà náà le láti ìbẹ̀rẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, kí ríìmù àti họ́ọ̀bù máa fa ara wọn láìdẹ́kun. Nígbà tí ẹrù bá dé, àwọn sípóòkù tó wà nísàlẹ̀ kàn ń dẹ̀ díẹ̀ ni. Bí wọn kò bá tíì dẹ̀ tán, ẹsẹ̀ náà ṣì dúró. Ìdí nìyí tí wáyà tí ọmọdé lè fi ọwọ́ tẹ̀ fi ń gbé àgbàlagbà mẹ́ta.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, George Cayley, tó ń ronú nípa ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kankan kò tíì fò, ló ya irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ ní 1808, nítorí pé ó ń wá ẹsẹ̀ tó fúyẹ́. Ní 1869, Eugène Meyer ní Paris gba àṣẹ ìjọba lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ oníwáyà. Ní 1874, James Starley ní Coventry gba tirẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tí sípóòkù rẹ̀ kò ti àárín lọ tààrà sí ìta mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lọ, tí ọ̀kan ń dá èkejì lábùú.

Ọgbọ́n Starley yìí ló ṣe pàtàkì jù fún alùpùpù. Tí sípóòkù bá lọ tààrà, tí ṣéènì bá fa họ́ọ̀bù, họ́ọ̀bù yóò kọ́kọ́ lọ́ díẹ̀ kí ríìmù tó tẹ̀ lé e, ìlọ́ yẹn yóò sì máa jẹ ìkọ́ sípóòkù. Ṣùgbọ́n tí ìdajì wọn bá dà sí iwájú tí ìdajì yòókù sì dà sí ẹ̀yìn, apá kan ni yóò gba agbára nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà, apá kejì yóò gbà á nígbà tí bíréèkì bá mú. Nígbà tí John Boyd Dunlop wá gba àṣẹ lórí táyà aláfẹ́fẹ́ ní 1888, ohun gbogbo ti pé. Ẹsẹ̀ tí a ṣe nígbà náà fún kẹ̀kẹ́ ológeere ni ẹsẹ̀ tó ṣì wà lábẹ́ ọ̀kadà tó ń gbé wa láti Ọjà Ọba lọ sílé lónìí. Díẹ̀ ló yàtọ̀ síra wọn.

Kòkó ló ra kẹ̀kẹ́

Báwo ni ọgbọ́n Coventry ṣe dé Oǹdó? Kì í ṣe ojú irin ló gbé e wá. Ojú irin Èkó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, ó gba Òṣogbo lọ sí Ìlọrin. Kò ya sí Oǹdó, kò sì ya sí Àkúrẹ́. Òótọ́ ni pé ọ̀nà òwò kan, tí ìjọba Èkó lábẹ́ Glover ṣí ní nǹkan bí 1872, ti ń gba Oǹdó láti etí ọ̀sà wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn àti orí alárù ló ń gbé ẹrù lójú ọ̀nà náà. Nígbà tí kòkó wá gbilẹ̀ nínú igbó Oǹdó, Ìdànrè àti agbègbè Àkúrẹ́, oko jìnnà sílé. Ìbéèrè tó wà níwájú àgbẹ̀ ni pé báwo ni òun yóò ṣe máa lọ tí òun yóò sì máa bọ̀ láìsùn lójú ọ̀nà.

Kẹ̀kẹ́ ni ìdáhùn. Ní 1947 ni ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀, iye kòkó ní ọjà àgbáyé sì gòkè gan-an ní 1954. Owó tó wọlé lásìkò yẹn di páànù orí ilé, ó di owó ilé-ẹ̀kọ́, ó di ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì di kẹ̀kẹ́ ológeere: Raleigh láti Nottingham, Hercules àti BSA láti Birmingham. Àwọn kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà sábà máa ń ní sípóòkù 32 níwájú àti 40 lẹ́yìn, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹrù wà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí fún kì í ṣe ọ̀nà oko kòkó. Gbòǹgbò igi wà níbẹ̀, òkúta wà, kòtò òjò wà, àpò kòkó tó gbẹ sì wúwo ju ẹrù tí òṣìṣẹ́ Nottingham ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Sípóòkù ń já. Ibi tí sípóòkù bá ti ń já, ẹni tó ń tún un ṣe gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ tí iṣẹ́ náà bọ́ sí kì í ṣe ilẹ̀ tí kò mọ irin. Ìlú Ògún ni Oǹdó. Jacob Olúpọ̀nà, tó kọ ìwé nípa àwọn ọdún ìbílẹ̀ Oǹdó tó jáde ní 1991, fi hàn bí ọdún Ògún ṣe rọ̀ mọ́ ìgbé ayé ìlú náà. Ohun kan tí kò ṣe é fojú fò dá ni àwọn tó ń bá Ògún ṣọdún. Tẹ́lẹ̀, ọdẹ, jagunjagun àti alágbẹ̀dẹ ni. Nígbà tí irin tuntun dé, dírẹ́bà dara pọ̀, mẹkáníìkì dara pọ̀, ọlọ́kadà náà sì dara pọ̀. Kò sí ẹni tó ṣe ìpàdé láti fi wọ́n sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi irin jẹun, ti Ògún ni. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé àwọn ènìyàn Oǹdó kò ka ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe sí ẹni tó kó iṣẹ́ òyìnbó wọ̀lú. Ọ̀kan lára ìdílé irin ni wọ́n kà á sí, tí irin tirẹ̀ kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun.

Láti ológeere sí máṣíìnì

Alùpùpù tí àwọn àgbà wa kọ́kọ́ mọ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. BSA tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ náà ló ń ṣe alùpùpù. Ní 1948 ó gbé Bantam jáde, èyí tí a fi àwòrán DKW RT125 ti Jámánì ṣe lẹ́yìn ogun. Ṣùgbọ́n Japan ló fi alùpùpù sí ẹnu ọ̀nà olùkọ́ àti akọ̀wé. Ní 1958 ni Honda gbé Super Cub jáde: ẹ́ńjìnnì kékeré, ìbòrí lórí ṣéènì, kò sí kọ̀láàṣì tí ọwọ́ ń fà, ẹni tó wọ ìró tàbí agbádá sì lè gùn ún láìgbé ẹsẹ̀ sókè púpọ̀. Nígbà tó di 2017, iye tí Honda ti ṣe nínú ìran alùpùpù yìí lágbàáyé pé mílíọ̀nù 100. Kò sí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mìíràn tó tíì dé iye yẹn.

Ní ilẹ̀ wa, ohun méjì ló mú kí máṣíìnì pọ̀. Èkíní ni owó Udoji. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji darí jábọ̀ ní 1974, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba sì fò sókè. Àwọn òbí wa ṣì ń fi "ìgbà Udoji" ka ọjọ́ orí ènìyàn. Èkejì ni dídá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ya wọ ìlú, iṣẹ́ wà ní Alágbàká, ilé wà ní ìdí Ọjà Ọba tàbí Ìsìnkàn, máṣíìnì ló sì wà láàárín méjèèjì. Ní 1979 Honda dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ̀rọ tuntun sábà máa ń lé oníṣẹ́ àtijọ́ lọ. Ní ti ẹsẹ̀ oníwáyà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Honda ṣàjèjì sí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí i. Sípóòkù náà nípọn jù, họ́ọ̀bù náà tóbi jù nítorí bíréèkì inú rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ń darí àwọn méjèèjì. Ẹni tó ti mọ 32 àti 40 kò ní ṣòro fún láti mọ 36. Èyí ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà kọjá láti ọwọ́ ìran kan sí òmíràn láìjá.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó

Ó dára kí a kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ bó ṣe rí, torí pé ìtàn iṣẹ́ tí kò sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ kò pé.

Ohun àkọ́kọ́ ni wíwò. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í tú ẹsẹ̀ àtijọ́ kó tó wọ̀n ọ́n. Ríìmù kì í sábà wà ní àárín gbùngbùn họ́ọ̀bù, pàápàá lẹ́yìn, níbi tí ṣéènì ti gba apá kan. Ó ní ibi tí ilé iṣẹ́ fẹ́ kó wà. Tí a bá tò ó sí ibòmíràn, táyà ẹ̀yìn kò ní tọ ipasẹ̀ táyà iwájú, alùpùpù yóò sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà wọ́n á gbé rúlà tàbí irin tó tọ́ lé ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀bù, wọ́n á wo àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti ríìmù, wọ́n á sì sàmì sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi epo rẹ àwọn nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, wọ́n á tú wọn, wọ́n á sì to àwọn sípóòkù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé gígùn wọn àti bí ìkọ́ wọn ṣe tẹ̀ lè má dọ́gba.

Ìkejì ni títò. Ní apá kọ̀ọ̀kan họ́ọ̀bù, 9 yóò dà sí iwájú, 9 yóò dà sí ẹ̀yìn. Ọ̀nà mẹ́rin ni, 9 lọ́nà kọ̀ọ̀kan, 36 lápapọ̀. Àwọn tó wà nínú ni a ń kọ́kọ́ fi sí i, torí pé tí àwọn ti ìta bá ti wọlé, ọwọ́ kò ní ráyè mọ́. Ihò ara ríìmù náà kò dojú kọ ibì kan náà: òmíràn wo òsì, òmíràn wo ọ̀tún, òmíràn dà síwájú, òmíràn sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi sípóòkù kan sínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò rí i pé ó tẹ̀ níbi tó ti wọ nọ́ọ̀tì, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti já ní ọjọ́ iwájú. Tí ọ̀kan bá ti ṣìnà, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e yóò ṣìnà, wọ́n á sì tú gbogbo rẹ̀ padà.

Ìkẹta ni dídè. A kì í de ọ̀kan le kí a tó dé èkejì. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ibi ihò tí ẹnu túùbù ń gbà jáde, wọ́n á yí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n á yí gbogbo ẹsẹ̀ náà ká, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá ti ń le ni wọ́n á gbé e sí ara fọ́ọ̀kì, wọ́n á fi ọwọ́ yí i, wọ́n á sì gbé ṣọ́ọ̀kì tàbí ìṣó súnmọ́ ríìmù. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti kan ríìmù ni ó ti yọ síta. Tó bá yọ sí òsì, wọ́n á dẹ ti òsì díẹ̀, wọ́n á sì fa ti ọ̀tún. Tó bá ga sókè níbì kan, wọ́n á fa ti òsì àti ti ọ̀tún pọ̀ níbẹ̀ kó lè wálẹ̀. Wọn kì í yí nọ́ọ̀tì ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí sùúrù ti ń tán lára ọmọ iṣẹ́ nìyí, nítorí pé àtúnṣe ibì kan ń ba ibòmíràn jẹ́, títí tí gbogbo rẹ̀ á fi bára mu.

Ìkẹrin ni gbígbọ́. Wọ́n á fi sípánà kan sípóòkù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tó le yóò dún gbọnrangandan, èyí tó dẹ̀ yóò dún bọ̀ọ̀. Àwọn tó wà ní apá kan ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dún bákan náà, tàbí kó súnmọ́ ọn. Onílù dùndún mọ ohun tí a ń sọ: tí ọṣán bá dẹ̀, ìlù kò ní sọ ohun tí a fẹ́ kó sọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tí ìlù bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Sípóòkù tó dẹ̀ yóò máa mì lọ mì bọ̀ nígbàkúùgbà tí ẹsẹ̀ bá yí, yóò fi ìmì náà já níbi ìkọ́, ẹrù rẹ̀ yóò sì bọ́ sórí aládùúgbò rẹ̀. Dídẹ̀ ló sábà máa ń pa sípóòkù, kì í ṣe líle. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa pààrọ̀ sípóòkù lójoojúmọ́, kò ní mọ ohun tó ń ṣe é.

Ìkẹyìn, wọ́n á fi fáìlì rẹ́ orí sípóòkù tó bá yọ kọjá nọ́ọ̀tì nínú ríìmù, wọ́n á gé túùbù àtijọ́ bí ìgbànú, wọ́n á fi bo orí àwọn nọ́ọ̀tì náà kí wọ́n má baà gún túùbù. Iṣẹ́ parí.

Ìgbà tí ọ̀kadà dé

Ní 1986, ìjọba Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fòpin sí àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ní 1987, ó ti tó nǹkan bí náírà mẹ́rin. Máṣíìnì tuntun di ohun tí akọ̀wé kò lè rà mọ́, bọ́ọ̀sì kò tó, iṣẹ́ ìjọba ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tó ní máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò. Orúkọ tí wọ́n fún òwò náà jẹ́ yẹ̀yẹ́: Okada Air ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ó sì di orúkọ alùpùpù tó ń fò láàárín kòtò.

Nínú ìtàn iṣẹ́ sípóòkù, àsìkò yìí ló ṣe pàtàkì jù. Máṣíìnì tí Honda ṣe fún olùkọ́ kan tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀ tó sì ń bọ̀ lọ́sàn-án ti wá ń gbé èrò méjì tàbí mẹ́ta láti ìdájí títí di alẹ́. Lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, tó gba Òwènà àti Bọ́lọ́runduró kọjá, àti lójú àwọn ọ̀nà oko tó ya kúrò lára rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ jìyà. Ríìmù tuntun wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó ń to sípóòkù di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wá. Wọ́n á mú họ́ọ̀bù láti ara máṣíìnì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, wọ́n á mú ríìmù láti ara òmíràn tó ní jàǹbá, wọ́n á wá sípóòkù tó bá àwọn méjèèjì mu. Nígbà tí gígùn rẹ̀ kò bá bá a mu, wọ́n á gé e, wọ́n á sì tún fa ìlà bóòtù sí i lára. Tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wọlé náà ń wá pẹ̀lú ìpẹtà tirẹ̀, ìyẹn náà sì nílò ọwọ́ wọn.

Sara Berry, onímọ̀ ìtàn ará Amẹ́ríkà, ti kọ ìwé ní 1975 nípa kòkó ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó. Ní 1985 ó gbé òmíràn jáde nípa bí owó kòkó àwọn bàbá ṣe di ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọmọ, ó sì kọ nípa àwọn mẹkáníìkì mọ́tò ní Ilé-Ifẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ bá ọ̀rọ̀ tiwa mu: oko kòkó àti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kì í ṣe ayé méjì. Ọmọ àgbẹ̀ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Owó oko ló san owó ìkọ́ṣẹ́, oúnjẹ oko ló sì gbé ọmọ iṣẹ́ dé ọjọ́ fíríìdọ̀mù rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ibi tí owó kòkó Oǹdó lọ, kó má wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìkan. Kó wo ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ náà.

Ohun tó ń lọ

Lẹ́yìn ọdún 2000, alùpùpù Ṣáínà àti ti Íńdíà kún ìgboro: Jincheng, Bajaj, TVS. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ní sípóòkù, nítorí náà iṣẹ́ kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a dà pọ̀ lódindi, tí kò ní wáyà kankan, ti ń pọ̀ sí i. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń pè ní Márúwà tàbí NAPEP náà kò ní sípóòkù rárá. A kò ní purọ́ pé ohun tuntun yìí kò dára. Ẹsẹ̀ àdàpọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa fa wáyà rẹ̀, ó sì lè lo táyà tí kò ní túùbù, èyí tí kì í tú afẹ́fẹ́ lójijì nígbà tí ìṣó bá gún un. Ọlọ́kadà tó bá yàn án ní ìdí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tó parí sí. Tí ẹsẹ̀ oníwáyà bá já sínú kòtò, sípóòkù mẹ́rin lè já, ríìmù sì lè tẹ̀. A ó pààrọ̀ mẹ́rin, a ó na ríìmù, máṣíìnì á padà sójú ọ̀nà lọ́jọ́ kejì, owó náà á sì wà ní àdúgbò. Tí ẹsẹ̀ àdàpọ̀ bá sán, a ó ra òmíràn tó wá láti òkè òkun, tàbí kí ẹnìkan jó o pọ̀, kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ sì máa gbàdúrà. Ohun tí a ń pàdánù ni agbára láti tún ohun tí a ń lò ṣe fúnra wa. Àwọn bàbá wa kò ṣe sípóòkù, wọn kò ṣe ríìmù, ṣùgbọ́n nígbà tí náírà wó, wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni kí máṣíìnì wọn tó rìn. Nínú ìṣòro owó tí a wà lónìí, kò yẹ kí a fojú kékeré wo ìyẹn.

Ohun kejì tó ń lọ ni ìmọ̀ náà gan-an. Ọmọ iṣẹ́ kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Ojú ló fi ń kọ́ ọ, etí ló fi ń gbọ́ ohùn wáyà, ọdún ló sì ń gbà kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ bí líle ṣe ń rí. Tí ọmọ iṣẹ́ kò bá wá mọ́, ọ̀gá yóò dàgbà pẹ̀lú rẹ̀, á sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn máṣíìnì àtijọ́ kan ṣì wà nílé àwọn bàbá àgbà wa, Honda 70, bóyá BSA kan tí adìyẹ ń sùn lé lórí. Àwọn kan nínú wa àti nínú ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jáde ti ń fẹ́ tún wọn ṣe fún ìrántí. Wọn yóò rí táyà rà, wọn yóò rí ọ̀dà rà. Ẹni tó máa to ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tọ́ ni yóò wọ́n.

Àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ ní agbára kan tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí kò ní: a mọ̀wé, a sì ní fóònù tó ń ya fídíò. Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ilé yín, yálà ní Àkúrẹ́, Oǹdó tàbí ibikíbi. Ẹ kí ọ̀gá bó ṣe yẹ, ẹ gba àṣẹ, ẹ má sì gba ọjọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹni pé kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ bi í lọ́wọ́ ta ló ti kọ́ṣẹ́, ní ìlú wo, ní ọdún wo, máṣíìnì wo ló kọ́kọ́ to ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ tó ń pe irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe pè é, kì í ṣe bí ìwé ṣe pè é. Ẹ ya ọwọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó bá ń wọ̀n ẹsẹ̀ náà títí di ìgbà tó bá ń fetí sí wáyà. Èyí tí a kọ yìí jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ lásán. Ohun tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, wọ́n sì ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọ̀la.